Ọkọ̀ Tí Kì Í Mu Omi

Ọmọ mi, ọkọ mi, baba mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé orí kì í fọ́ ọ, ṣé ilé gíga tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yẹn ṣì dúró gbọn-in? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń pín oore, wọn á rí ọ pè. Èmi wà, àbúrò mi náà wà, ó ní kí n kí ọ, orúnkún rẹ̀ ló ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu, àmọ́ ẹnu rẹ̀ kò ní àìsàn kankan. Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù wà lóòótọ́, ọmọ mi, ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbé e sétí, ọkọ̀ ni wàá béèrè, mi ò sì ní tíì sọ ìdajì ọ̀rọ̀ mi tí wàá ti ní kí n gbé e fún mẹkáníìkì. Nínú lẹ́tà, o ò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu. Jókòó kí o kà á tán, torí ojú mi ti rí nǹkan látìgbà tí o ti gbé ẹrù yìí ránṣẹ́ sí mi.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé. O ti sọ fún mi pé ọkọ̀ àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe fún eré sísá ń bọ̀ ní àgbàlá wa, pé kò sí ibi tí o lè gbé e sí níbi tí ò ń gbé, pé mẹkáníìkì kan máa wá máa tún un ṣe lọ́dọ̀ mi títí táá fi dà bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. O ní irú èyí tó wà nínú àwòrán tí o lẹ̀ mọ́ ògiri nígbà tí o wà ní kékeré ni. Inú mi dùn. Mo lọ sí yàrá rẹ, mo nu eruku orí àwòrán náà, mo wò ó dáadáa kí n lè dá ọkọ̀ mọ̀ tó bá dé: pupa fòò, tó ń dán, bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á lára. Mo gbá àgbàlá, mo wọ aṣọ mi tó dáa. Ìgbà tí tírélà dúró tí wọ́n ká tapólì kúrò lórí ẹrù, mo ní ye! Mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn, mò ń wá èyí tó pupa. Ohun tí mo rí dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó kéré, ó sì rẹlẹ̀ débi pé adìẹ mi kan dúró tì í, wọ́n jọ ń wojú ara wọn. Aṣọ ni òrùlé rẹ̀, aṣọ ọ̀hún sì ti ya. Mo bi awakọ̀ tírélà pé ìyókù rẹ̀ ńkọ́, ó ní gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní kó ṣí i kí n yẹ̀ ẹ́ wò, torí bàbá rẹ fi lọ́rì jẹun títí ọlọ́jọ́ fi dé, èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè fi mọ́tò rẹ́ jẹ. Ó ṣí iwájú. Ọmọ mi, òfo! Kò sí ẹ́ńjìnnì! Táyà kan ló sùn gbalaja síbẹ̀ bí ẹni pé òun ló ni ilé. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbá awakọ̀ náà lọ́rùn aṣọ mú, mo ní olè, mo ní kó lọ gbé ẹ́ńjìnnì ọmọ mi wá níbi tó tà á sí. Àbúrò mi já jáde nínú ilé, òun náà dì í mú láì tíì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àdúgbò pé lé wa lórí. Ọkùnrin náà ń bẹ̀ wá, ó ń búra, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ibi tí a wà nìyẹn tí mẹkáníìkì tí o rán fi dé. Ó wò wá, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó lọ sí ìdí ọkọ̀, ó ṣí búùtù. Ẹ́ńjìnnì ló wà níbẹ̀! Nínú búùtù! Ó ní bí wọ́n ṣe ṣe é látilẹ̀ nìyẹn. Mo ní ta ni ẹni tó ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ló ń dà á láàmú? Mo bẹ awakọ̀ náà, mo bá a de bọ́tìnnì rẹ̀ padà, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n ó wa tírélà yẹn lọ bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Mẹkáníìkì rẹ yìí, a ti sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ohun tó máa ń sọ fún gbogbo nọ́ọ̀tì tó bá ti dógùn-ún nìyẹn kó tó tú u. Kì í sọ ọ́ fún èèyàn o, irin ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó kọ́kọ́ tú ilẹ̀kùn, mo ní ó dáa. Ó tú iná, ó yọ gíláàsì, ó tú ìjókòó, eku sì ti bímọ sínú ọ̀kan, gbogbo ẹbí wọn gba iwájú mi kọjá, wọ́n wọ ilé ìdáná mi láìkágò. Ìgbà tó ká kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ rẹ̀, mo yọjú wo inú ọkọ̀, mo rí koríko àgbàlá mi. Ilẹ̀ ọkọ̀ ti jẹrà tán! Mo bi í bóyá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ọmọ mi á máa fi sáré lábẹ́ rẹ̀. Ó ní òun máa jó irin tuntun mọ́ ọn. Lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń dín kù ní ìta, tí ẹrù rẹ̀ ń pọ̀ sí i nínú ilé, ilẹ̀kùn kan wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì mi fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo bi í pé tí èèyàn bá gbé bùbá fún aránṣọ pé kó bá òun tún ọrùn rẹ̀ ṣe, ṣé ṣe ló máa tú u di òwú ni? Ó rò ó, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Háà!

Àbúrò mi ló kọ́kọ́ kíyè sí ohun tó wá gba oorun lójú mi. Ó jókòó sórí àpótí níwájú ọkọ̀, ó ní ìjókòó méjì péré ni nǹkan yìí ní. Mo ní mo rí i. Ó ní ọ̀kan, ti ọmọ rẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní èkejì, ti ìyàwó tó bá fẹ́. Ó wá ń fi orúnkún rẹ̀ ṣeré, ó ń wò mí. Mo dìde, mo wọlé. Ọmọ mi, mi ò lè jẹun tán lọ́jọ́ náà. Nínú lọ́rì bàbá rẹ, iwájú ni mò ń jókòó sí, ìwọ á wà láàárín wa, ààyè á sì tún kù fún ẹni tó bá nawọ́ sí wa lọ́nà. Mo wá ń rò ó pé, irú ọkọ̀ wo ni kò ní ibi tí ìyá ẹni tó ni ín lè jókòó sí? Mi ò sọ fún ọ nígbà yẹn. Ìgbà wo ni mo fẹ́ sọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ fóònù tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kí ọkọ̀ tó dé, oṣù lè wọlé kó jáde kí n má gbọ́ ohùn rẹ, mo mọ̀ pé iṣẹ́ pọ̀, mi ò bínú. Àfi bó ṣe dé tí o bẹ̀rẹ̀ sí í pè ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹnu yà mí, mo ní ọmọ mi ti rántí mi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ o ní báwo ni, mo ní ikọ́ yẹn ti lọ, mo ti ń sùn dáadáa, o ní ọkọ̀ ni o ní lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé fóònù tirẹ̀ tó ń fi ojú èèyàn hàn dé. Mo gbọ́ pé o máa rí wa, mo sáré lọ wẹ̀, mo fi ìpara para, mo wọ yẹtí, mo gbé àga síwájú ilé, mo jókòó, mò ń dúró kí wọ́n pè mí. Ẹ ò pè mí. Mo dìde lọ yọjú. Ẹ́ńjìnnì lẹ ń wò, ìwọ níbẹ̀ yẹn, òun níbí, ẹ tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wo ọmọ tuntun, o ní kó sún mọ́ ọn, o ní kó tan iná sí i dáadáa. Mo rò pé tí mo bá dúró ti ẹ́ńjìnnì, wàá rí èmi náà. Mo bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. O ní Màmá, ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ ti dí iná. Mo kúrò. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò, mo rí i pé orí rẹ ti ń pá níwájú, o ò sì sọ fún mi.

Mo wá sọ nínú ara mi pé ó dáa, nígbà tó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì yìí ni ọmọ mi ń wojú rẹ̀, èmi náà á máa tọ́jú rẹ̀. O kúkú mọ̀ pé èmi ni mò ń fún lọ́rì bàbá rẹ lómi láràárọ̀. Kò sí ọjọ́ kan tó jáde nílé wa láì mu omi yó, kódà ọjọ́ tí mo bí ọ, mo kọ́kọ́ pọnmi fún un ná. Mo wá kíyè sí i pé látìgbà tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti ń wá, kò fún ẹ́ńjìnnì yìí ní omi rí, ẹ̀kán kan péré, kò fún un. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Láàárọ̀ kí ó tó dé, mo ṣí búùtù, mo wá ibi tí omi ń gbà wọlé títí, mi ò rí nǹkan kan àfi ihò kan tó ní ìdérí. Mo ní ibẹ̀ náà nìyẹn. Mo bu omi, kì í ṣe omi lásán o, omi tí mo sè tí mo fi aṣọ sẹ́, mo rọra dà á sí i. Ó gbà á, kò pọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é láràárọ̀ nìyẹn, tí mo bá sì dé ìdérí náà tán, màá ní kó máa jẹ́ ọmọ dáadáa.

Ọjọ́ tí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá fẹ́ wò ó bóyá ẹ́ńjìnnì máa dáhùn, ó fa irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde, ó gbé e sójú, ó sì jókòó sílẹ̀ gbì. Ọ́ìlì ti funfun bíi mílíìkì. Ó ní omi wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí. Ó ní kò ṣeé ṣe, torí irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í mu omi rárá, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú lára. Kì í mu omi! Ọmọ mi, èmi ni mo dúró tì í yẹn. Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí, ọkọ̀ tí kì í mu omi? Ó wo òkè, ó ní àbí òjò ni, òjò ò rọ̀ látọjọ́ yìí. Ó yẹ tapólì wò, kò lu. Ó wo àbúrò mi, àbúrò mi ní kó má wo òun. Ó tiẹ̀ wo àwọn adìẹ. Ó wá ní ó jọ pé ẹnì kan fẹ́ ba òun lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ rẹ, pé òun máa kó irin iṣẹ́ òun, òun á sì máa lọ. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó o, mo ní èmi ni. Ó ní èmi ni kí ni? Mo ní èmi ni mò ń fún un lómi. Ó wò mí títí, mo rò pé ó máa bú mi. Ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ fún èèyàn, mi ò sì mọ̀ bóyá èmi ló sọ ọ́ fún tàbí ara rẹ̀.

Ó bò mí láṣìírí, ohun tó sọ fún ọ nínú fóònù ni pé ìṣòro díẹ̀ yọjú. Èmi ni ìṣòro díẹ̀ ọ̀hún. Má pariwo, má pe ẹnikẹ́ni, ṣáà máa kà á lọ.

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì jáde, wọ́n gbé e lé orí tábìlì ìjẹun, a wá ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà jẹun. Ó tú u palẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ ni òun gbọ́dọ̀ fọ̀ kí omi má bàa jẹ ẹ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́. Kẹ́rósínì ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, wọn kì í lo ọṣẹ, ìyẹn náà yà mí lẹ́nu. Mò ń fọ̀ ọ́, mò ń nù ún, mò ń tò ó sórí aṣọ funfun, òun á mú un lọ́kọ̀ọ̀kan, á wò ó. Ìgbà tó yá, ó mú irin gígùn kan báyìí, ó yí i sí oòrùn, kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Ó pè mí. Ó fi èékánná fa ibì kan fún mi lára rẹ̀, mo rí i, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Ó ti sán. Ó ní ọjọ́ tí o bá fi eré sí i lójú ọ̀nà, irin yìí máa já ni, ẹ́ńjìnnì á fọ́ mọ́ ọ lẹ́yìn, táyà á dì pa, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí ọkọ̀ máa gbé ọ lọ. Mo bi í bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní rárá, pé òun ò ní i lọ́kàn láti tú ẹ́ńjìnnì náà, ó dára lójú òun, omi tí mo dà sí i ló jẹ́ kí òun tú u.

Ọmọ mi, omijé bọ́ lójú mi. Mo di irin yẹn mú, mi ò lè gbé e sílẹ̀. Mò ń sunkún, mò ń rẹ́rìn-ín, àbúrò mi rò pé kẹ́rósínì ti gùn mí lórí, ó lọ ṣí fèrèsé. Òmíràn ti dé, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti fi í síbẹ̀. Èyí tó sán yẹn wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ mi.

Látìgbà náà ni nǹkan ti ń dáa. Ó mú bébà oníyanrìn tí àwọn káfíńtà ń lò, ó ń ha ara ọkọ̀. Ọ̀dà dúdú yẹn ṣí, àwọ̀ búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Búlúù ṣí, funfun ni. Mo ní ọkọ̀ yìí wọ aṣọ ju èmi lọ. Funfun ṣí, mo sì pariwo tí àbúrò mi fi gbàgbé orúnkún rẹ̀, ó sáré jáde. Pupa! Pupa tinú àwòrán! Mo lọ já àwòrán náà lára ògiri, má bínú, igun kan ya díẹ̀, mo gbé e ti ara ọkọ̀, bákan náà ni wọ́n rí. Pupa yẹn gan-an ló wá fi kùn ún padà, ó kùn ún, ó dúró kó gbẹ, ó tún kùn ún, kódà ó ní kí n ti àwọn adìẹ mọ́lé kí eruku má bàa gbà á.

Ọjọ́ tó wá jí, mo rò pé ilé ló ń wó. Ohùn tí nǹkan kékeré yẹn ní! Adìẹ mi funfun kò tíì yé ẹyin látọjọ́ náà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní òun fẹ́ fi í rìn díẹ̀ kí òun mọ bó ṣe ń ṣe. Mo ní kò sí bí wàá ṣe dá gbé ọkọ̀ ọmọ mi jáde nílé yìí. Ó ní kí n wọlé nígbà náà. Wíwọ inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, èèyàn kì í jókòó sí i, ṣe ni èèyàn ń ṣubú sí i. Ó wá mú okùn, ó so mí mọ́ àga. Mo ní kí ni mo ṣe? Ó ní nítorí ewu ni. Mo ní tí ewu bá dé, ẹni tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sá ni? Ó tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀, ọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá gba ìdí mi kọjá. Mo ní yéè! Mo pe orúkọ bàbá rẹ, mo pe tìrẹ, afẹ́fẹ́ já ìborí mi gbà, ó gbé e lọ sórí igi kan, ó ṣì wà níbẹ̀. Aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó la ẹnu. Alápatà ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rò pé ẹ̀rù ń bà mí, ó dín eré kù. Mo ní ta ló ní kó dín in kù?

Mo délé, àbúrò mi ní báwo ni ìjókòó náà ṣe rí. Mo ní ó bá mi mu.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ látìgbà yìí wá nìyẹn. Mo tún wo àwòrán rẹ dáadáa: ìjókòó kejì nínú rẹ̀ ṣófo. Mo rántí pé mo bi ọ́ nígbà yẹn, o ò tíì ga tó tábìlì, mo ní ta ni yóò jókòó síbẹ̀. O rò ó títí, o ní àpò ìwé rẹ ni. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí mo rò ó, ó dùn mí díẹ̀.

Mo mọ̀ pé o ti ń wo ibi tí màá ti béèrè owó. Ó yẹ kí ẹnu ya ìwọ náà lẹ́ẹ̀kan: mi ò béèrè. Àfi owó kẹ́rósínì, torí ẹ́ńjìnnì rẹ ló mu gbogbo èyí tó wà nílé, àti ti ìborí kan, o mọ ibi tí tèmi wà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ní tírélà lè wá gbé ọkọ̀ náà fún ọ. Awakọ̀ tó mọ ilé wa ti ní òun ò wá mọ́, mo sì ti sọ pé kò sí òmíràn tó máa wọ àgbàlá mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi, mo fi okùn so ó mọ́ ọrùn. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá gbà á, kó o kọ́kọ́ gbé mi dé ìkòríta tí bàbá rẹ ti máa ń yí lọ́rì padà, ká sì rọra darí wálé. Kì í ṣe pé mi ò fẹ́ ìyàwó o, fẹ́ ẹ, mo ti ń gbàdúrà rẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, kí o sì ra ọkọ̀ mìíràn tó ní ààyè fún un.

Ọ̀nà tí o máa gbà wá, kò ní dí mọ́ ọ. Irin tó bá fẹ́ já lábẹ́ rẹ, ilé ni ojú á ti tó o kí o tó jáde. Ohun tí o fi ìgbà èwe rẹ wò lára ògiri, ọwọ́ rẹ á tẹ gbogbo rẹ̀, orí tó sì ń pá yẹn, á dé adé ayọ̀. Àṣẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ tó ń fún ọkọ̀ lómi.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: iwájú ọkọ̀ tó yẹ kí èèyàn kó ẹrù sí, táyà yẹn ṣì sùn síbẹ̀, kò sì sí ibòmíràn. Tí o bá ń bọ̀, má gbé àpò dání o.